Àwo Fíìmù Tó Wà Lábẹ́ Tẹlifíṣọ̀n Yín: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Ṣe Ẹ̀dà Rẹ̀ Nílé

 

Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan béèrè lórí WhatsApp wa pé ta ló ní fídíò ayẹyẹ kan tí wọ́n ṣe nílùú ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Èèyàn mẹ́ta dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé àwọn ní in. Ìgbà tí wọ́n wá a, ti ẹni àkọ́kọ́ ti sọnù nígbà tó ń kó kúrò ní ilé tó wà tẹ́lẹ̀. Ti ẹnì kejì ti fọ́. Ti ẹnì kẹta wà nínú àpò rẹ̀, ó ń dán bíi dígí, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ilé náà tó lè kà á mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Àwọn èèyàn fi àwòrán ẹkún ránṣẹ́, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tíráńsífọ́mà.

Èmi ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ka ìyókù, ẹ lọ wo abẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín, tàbí orí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí páálí síídì àtijọ́ máa ń wà. Ṣaworoidẹ wà níbẹ̀, àbí kò sí níbẹ̀? Ìgbéyàwó àbúrò yín ńkọ́? Ìsìnkú ìyá àgbà? Gbogbo ẹ̀ ló jọra wọn lójú, gbogbo ẹ̀ ló sì wà nínú ewu kan náà. Ìtàn bí wọ́n ṣe débẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, àti ti ohun tí ọwọ́ èmi fúnra mi ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà, bí kò tiẹ̀ dùn mọ́ mi láti sọ.

Kí fídíò tó dé, sinimá ló wà. Ní 1976 ni Ola Balogun ṣe Àjàní Ògún, tí Dúró Ládípọ̀ àti Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo wa mọ̀ sí Adé Love kópa nínú rẹ̀. Ní 1979, Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde, Jáiyésinmi sì tẹ̀lé e ní 1980. Orí fíìmù gbọọrọ tí wọ́n ń ká bí okùn ni wọ́n ń yà wọ́n sí nígbà náà, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo, owó ńlá ni. Nítorí náà, ẹni tó ni fíìmù kì í fi í sílẹ̀. Òun tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e kiri, láti gbọ̀ngàn ìlú kan dé òmíràn, títí dé National Theatre ní Igánmú. Ẹ sanwó, ẹ wọlé, ẹ wò ó, ó parí. Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè mú relé ju ìròyìn tẹ́ ẹ máa sọ fún ará ilé.

Wọ́n ń ṣọ́ ẹ̀dà yẹn lójú méjèèjì kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa dà á sórí káséètì. Wọ́n sì rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n ṣọ́ ọ. Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá wa tó ń gbé aago ńlá kọ́rùn, ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Ola Balogun ló darí ẹ̀. Owó yíyá wà nínú iṣẹ́ náà. Kó tó rí èrè jẹ, ẹ̀dà rẹ̀ ti bọ́ sórí káséètì fídíò. Wọ́n ń tà á, wọ́n ń yá a lò, àwọn ilé fídíò ń fi pawó, kọ́bọ̀ kò sì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Gbèsè kọ́ ọ lọ́rùn. Ó ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ yẹn wà lára rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018 ló jáde láyé, kò sì sí òkìkí kan nípa rẹ̀ lọ́jọ́ náà tí kò mẹ́nu ba àwọn tó jí Ọ̀run Móoru dà.

Bí ẹ bá dúró síbi tí mo sọ ọ́ dé yìí, ẹ máa ní ẹ̀dà ṣíṣe burú, ó tán. Ẹ ní sùúrù. Àwọn tó ṣọ́ tiwọn dáadáa ńkọ́? Fíìmù tí wọ́n bá ń fi hàn lójoojúmọ́, ẹ̀rọ á máa họ ọ́. Ooru ilẹ̀ wa á mú un, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọtí kíkan, á sì ká kò. Ẹni tó ni ín á kú, àwọn ọmọ ò ní mọ ohun tó wà nínú agolo. Báyìí ni ọ̀pọ̀ sinimá ayé ìgbà yẹn ṣe di ohun tí a kàn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn Hausa ṣe oríire pẹ̀lú Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 láti inú ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Gbogbo ayé rò pé ó ti run, àfi ìgbà tí wọ́n rí i ní 2016 nínú ibi ìpamọ́ fíìmù ìjọba ní Jos. Àwọn ará Jámánì bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Èmi ò tíì gbọ́ pé irú oríire bẹ́ẹ̀ bá gbogbo tiwa.

Ẹ̀dà Bàbá Sàlá pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn. Ti àwọn tó kù kéré jù. Ìṣòro méjì ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pò wọ́n pọ̀ mọ́ra.

Nígbà tí náírà bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn SAP ọdún 1986, agbára sinimá ò ká àwọn òṣèré mọ́, wọ́n bọ́ sórí káséètì VHS. Kenneth Nnebue, ọmọ Igbo tó ń ta káséètì, bá Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, I-Show Pepper, ṣe Àjẹ́ Ni Ìyá Mi ní 1989. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ló ṣe Living in Bondage, tí àwọn kan ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood, bíi pé àwọn tíátà Yorùbá ò ti wà lẹ́nu ẹ̀ kó tó kan Igbo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n má fà á. Tunde Kelani dá Mainframe sílẹ̀, ó sì gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993. Káséètì wá di ohun tí tálákà lè rà tàbí yá ní fídíò kíláàbù.

Ṣé ẹ rántí bí a ṣe ń ṣe ẹ̀dà káséètì? Ẹ̀rọ méjì lẹ máa wá, ẹ yá ìkejì lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ fi wáyà so wọ́n pọ̀, ẹ tẹ "play" níbí, ẹ tẹ "record" lọ́hùn-ún. Fíìmù wákàtí méjì máa gba wákàtí méjì. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín, ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ṣe ẹ̀dà lára ẹ̀dà, ojú òṣèré á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ti iwin. Ẹ̀dà kẹrin, ohùn nìkan lẹ máa fi mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wàhálà gidi ni, ṣùgbọ́n wàhálà yẹn gan-an ń dáàbò bo oníṣẹ́ díẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ wòran kó gbádùn ẹ̀ máa lọ ra ojúlówó.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá ti pe Sony lẹ́jọ́ tẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀rọ Betamax, pé ẹ̀rọ olè ni. Ilé ẹjọ́ tó ga jù dájọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1984: adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ní ẹni tó bá gba ohun tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀, kó lè wò ó nígbà tó bá ráyè, kò jalè. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ "nínú ilé rẹ̀" ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ káàkiri ayé, ó sì wá dé ọ̀dọ̀ tiwa náà.

Síídì ló gbé e dé. VCD ni wọ́n ń pè é. Philips, Sony, Matsushita àti JVC ló fẹnu kò lórí bó ṣe máa rí ní 1993. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Wanyan ní Hefei, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ṣe ẹ̀rọ tó ń lò ó jáde. Wọ́n ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá a díje ló ra èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe, wọ́n tú u wò, wọ́n sì ṣe tiwọn. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti ṣe ẹ̀dà ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà kí ẹ̀rọ náà tó dé ọ̀dọ̀ wa! Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é ni owó rẹ̀ ń já wálẹ̀, títí tó fi dé Alábà, tó sì wọ párádọ̀ kálukú wa lẹ́yìn tí ọdún 2000 wọlé.

Ìṣẹ́jú 74 ni síídì kan lè gbà. Fíìmù Yorùbá sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí Part 1 àti Part 2 fi di ara ayé wa. Ẹ wò ó dé ibi tó dùn jù, ọkọ ti di ọ̀bẹ mú, ìyàwó ń pariwo, ó dúró. Ẹ dìde lọ pààrọ̀ àwo. Nígbà tí DVD dé, tí àwo kan ṣoṣo lè gba fíìmù náà tán kí àyè sì tún ṣẹ́ kù, àwọn máńkẹ́tà wa ò fi Part 2 sílẹ̀. Owó ti wà níbẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ dé Part 4.

Ohun kan wà nípa VCD tí púpọ̀ nínú wa ò mọ̀ nígbà náà: kò ní kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ẹ ki í bọ inú kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí folder tó ń jẹ́ MPEGAV, fáìlì kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ parí sí .DAT. Fíìmù náà nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ dà á kọ, ó tán. Àti pé ẹ̀dà yìí kì í ṣe bíi ti káséètì. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń dà kọ. Ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún mọ́lẹ̀ kedere bí ẹ̀dà kìíní. Ìyọnu tó ń dáàbò bo oníṣẹ́ ti lọ.

Ọdún 2005 ni mo ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ mi ní Òtigbà, ní Ìkẹjà. Tòkúnbọ̀ ni, Pentium 4, hard disk rẹ̀ kò ju 40GB lọ, ẹ̀rọ tó ń kọ síídì sì wà lára rẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ̀rọ yẹn kò le: àwọn ọmọ mi. Ọwọ́ tí wọ́n fi jẹ ẹ̀bà ni wọ́n fi ń mú síídì. Ilẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tì í. Fíìmù tí mo fi owó ara mi rà kì í pé oṣù méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó, kí àwòrán máa pín sí igun igun. Nítorí náà, tí mo bá ra fíìmù, Nero ni mo máa ṣí, màá ṣe ẹ̀dà kan fún àwọn ọmọ, màá sì kó ojúlówó sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Tí iná bá lọ nígbà tí Nero ń kọ ọ́ lọ́wọ́, àwo yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, ife tíì la máa ń gbé lé e. Ìyàwó mi ní mo ń fi epo jẹnẹrétọ̀ ṣòfò. Ó tọ̀nà.

Títí dé ibẹ̀, mi ò rí ẹ̀bi kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì rí i títí dòní.

Àfi ìgbà tí àwọn ará àdúgbò gbọ́. "Bàbá Ìbejì, ẹ bá wa ṣe ọ̀kan." Wọ́n á mú àwo òfìfo wá fúnra wọn. Mi ò gba kọ́bọ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni mo rò pé mò ń hù, inú mi sì ń dùn pé gbogbo ojúlé mọ̀ mí. Tí ẹnì kan bá sọ pé páírésì nìyẹn, màá ní páírésì kẹ̀? Àwọn tó wà ní Alábà tó ń kó fíìmù 20 sínú DVD kan, àwọn ni páírétì. Èmi, mò ń ran aládùúgbò lọ́wọ́ ni.

Obìnrin kan wà nígbà náà tó ń ta fíìmù lórí tábìlì nítòsí ibi tí a ti ń wọ mọ́tò. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti máa ń rà. Lọ́jọ́ kan tí mò ń tibi iṣẹ́ bọ̀, ó pè mí.

"Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹ ti di máńkẹ́tà."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹyọ mẹ́wàá fíìmù yẹn ni mo gbé láti Ìdúmọ̀tà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Méjì ni mo tà. Ẹ̀yin lẹ ra ọ̀kan."

Ohun tó sọ nìyẹn. Kò bú mi, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yíjú sí oníbàárà mìíràn. Nígbà tí mo délé, mo jókòó, mo ka iye ojúlé tí mo ti bá ṣe ẹ̀dà fíìmù yẹn. Méje ni. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Mi ò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó kan wà tí kò dé ibi tó yẹ kó dé, èmi ni mo dí i lọ́nà. Láti ọjọ́ yẹn, mo fi mọ sí tèmi àti tàwọn ọmọ mi. Àwọn aládùúgbò bínú, wọ́n ní mo ti ń gbéra ga. Mo kàn ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, irọ́ ni mo pa. Obìnrin náà fi òwò náà sílẹ̀ nígbà tó yá. POS ló wà lórí tábìlì yẹn báyìí. Mi ò ní sọ pé èmi ni mo lé e lọ, àwọn tó ń tẹ ayédèrú ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló lé e. Ṣùgbọ́n mo wà nínú wọn fún sáà kan.

Kí ni òfin sọ? Òfin kọpiráìtì wa ti ọdún 1988 fàyè gba kí èèyàn lo iṣẹ́ oníṣẹ́ lọ́nà tó tọ́ fún ìlò ara rẹ̀. Òfin tuntun, Copyright Act 2022 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, kò yọ ìyẹn kúrò. Ṣùgbọ́n "lọ́nà tó tọ́" wà níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí èèyàn bá ṣe nínú yàrá rẹ̀ ló tọ́. Ó tún fi ohun kan kún un: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ já àgádágodo tí oníṣẹ́ fi sára iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgádágodo yìí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun jù, torí DVD àwọn òyìnbó ní in. CSS ni wọ́n ń pè é. Ní 1999, ọmọ ọdún 15 kan ní Norway, Jon Lech Johansen, àti àwọn kan tí kò dárúkọ ara wọn gbé ètò DeCSS jáde tó ń ṣí i. Ó ní òun fẹ́ wo DVD tí òun fowó ara òun rà lórí kọ̀ǹpútà òun ni. Ìjọba gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó jàre ní oṣù kìíní ọdún 2003, ó sì tún jàre níbi ìpẹ̀jọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ́dún kan náà. Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin wọn ti 1998 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí àgádágodo. Ilé iṣẹ́ 321 Studios ń ta ètò tí àwọn oníbàárà fi ń ṣe ẹ̀dà DVD wọn pa mọ́. Ní 2004, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n má tà á mọ́, wọ́n sì kógbá wọlé kí ọdún tó parí. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù ní tiyín, ìjọba yín gbà yín láàyè ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2014 láti ṣe ẹ̀dà ohun tẹ́ ẹ bá rà fún ìlò ara yín. Kò pé ọdún kan, ilé ẹjọ́ fagi lé e ní oṣù keje 2015. Nítorí náà, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fíìmù tí wọ́n tì pa.

(Ọ̀kan lára yín fi DVD ránṣẹ́ sí mi láti Houston nígbà kan, kò ṣí. Mo rò pé ó ti fọ́ lọ́nà ni. Àṣé wọ́n ti pín ayé sí agbègbè: Amẹ́ríkà wà ní 1, Britain ní 2, Nàìjíríà ní 5. DVD agbègbè kan kì í ṣí nínú ẹ̀rọ agbègbè mìíràn, àfi tí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ èyí tí kò ka ẹnikẹ́ni sí, bíi àwọn tí wọ́n ń tà ní Alábà.)

Fídíò ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìwúyè tiwa, kò sí àgádágodo lára wọn, kò sì sí máńkẹ́tà tí ẹ̀dà rẹ̀ máa pa lára. Àwọn gan-an ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ kú.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Síídì oríṣi méjì ló wà nínú páálí yẹn. Ti fíìmù tẹ́ ẹ rà lọ́jà, ilé iṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ òǹtẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bíi fàdákà. Ó máa ń pẹ́ tí ẹ ò bá họ ọ́. Ti ayẹyẹ, ọkùnrin fídíò ló fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ ọ́. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ wọn máa ń jọ aró tàbí ewé. Aró náà ló sì jẹ́ lóòótọ́, iná ló fi jó àmì sínú ẹ̀. Aró máa ń ṣá. Oòrùn ojú fèrèsé ń bó o, ooru ń bó o, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ ń ṣí i sókè, gègé tí wọ́n fi kọ orúkọ sí i lè há a. Ẹ lè má rí nǹkan kan lójú. Ẹ kàn máa ki í bọ ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan, kò ní ka nǹkan kan. Ọkùnrin fídíò tó yà á? Ó ti fi káséètì yẹn ya ìnáwó ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Laptop tí àwọn ọmọ wa ń rà báyìí, kò sí ojú ihò síídì lára rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ DVD kékeré tó ń lo wáyà USB ṣì wà ní Ìkẹjà, ẹ lè dá owó jọ ra ọ̀kan fún gbogbo ẹbí. Tó bá jẹ́ VCD ni, mo ti sọ ibi tẹ́ ẹ máa yà sí lókè. VLC máa ṣí fáìlì.DAT yẹn láìsí wàhálà. Tó bá jẹ́ DVD ayẹyẹ, folder VIDEO_TS lẹ máa dà kọ lódindi, ẹ má mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Aṣọ rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi nu àwo, láti àárín lọ sí etí, ẹ má yí i po bí ẹni nu abọ́. Bí ẹ̀rọ kan ò bá kà á, ẹ gbé e lọ sí òmíràn kẹ́ ẹ tó sọ̀rètí nù. Mo ti rí èyí tí ẹ̀rọ méjì kọ̀ tí ìkẹta gbà. Ẹ fi ọdún àti orúkọ ayẹyẹ sọ fáìlì náà lórúkọ, ẹ fi sí ibi méjì, kí ọ̀kan wà nílé ẹlòmíràn. Kẹ́ ẹ sì má gbẹ́kẹ̀ lé WhatsApp o. WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ kó tó gbé e, ojú á bàjẹ́ bí ti ayé káséètì, àti pé tí fóònù bá sọnù, ó parí.

Fíìmù tẹ́ ẹ rà lọ́jà, tẹ́ ẹ bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nílé kó má bàa bàjẹ́, ẹ jẹ́ kó wà nílé. Ẹ má gbé e sórí ẹgbẹ́ wa. Èèyàn tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ojúlé méje lọ fíìfíì.

Ó ku tèmi. Ní 2004 la sin bàbá mi. Ọkùnrin fídíò ṣe é sórí VCD, Part 1 àti Part 2, àwọn àlejò kan sì gba tiwọn lọ lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí mo ra kọ̀ǹpútà lọ́dún kejì, fíìmù ọjà ni mò ń dà kọ lóròòru. Ti bàbá mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò rántí pé òun náà ń fẹ́ ẹ̀dà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ lórí WhatsApp yẹn ni mo gbé e jáde.

Part 1 kà tán. Ó wà ní ibi méjì báyìí. Mo rí ọ̀nà pupa tí a ń gbà nígbà náà, mo rí igbó ní ibi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta wà lónìí, mo rí àwọn àgbà tí mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rìn. Ní Part 2 ni àwọn àgbà jókòó lálẹ́, tí àbúrò bàbá mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìdílé wa ní ẹnu Àwórì, tí bàbá kan sì ń sọ ibi tí ààlà ilẹ̀ wa dé, láti orí odò wá. Ìṣẹ́jú 41 ló kà. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo ti gbé e dé, ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń dúró sí. Màmá náà ti lajú sókè, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ti kú ní 2011. Kò sí ẹlòmíràn nínú ìdílé tó mọ oríkì yẹn tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá síbi ìsìnkú náà, tẹ́ ẹ bá gba síídì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá a wò. Àpò rẹ̀ funfun, wọ́n fi gègé búlúù kọ "Part 2" sí i lójú. Ẹ má nù ún, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó ti ń họ nǹkan. Ẹ ṣáà ránṣẹ́ sí mi lórí ẹgbẹ́, ibi yòówù kẹ́ ẹ wà, màá wá mú un fúnra mi.